Lẹ́tà Méjì Lára Kóró Dáyámọ́ńdì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìgbéraga ṣe ń wúwo tó, kó má wulẹ̀ wá òṣùwọ̀n ńlá kiri. Ohun tí kò tó hóró ọkà bàbà ló wọn ti Dókítà Wendell Horatio Stackpole, ojú gbogbo ilé ìwádìí Corral Seco ló sì ṣe.

Àwọn òkè tí koríko wọn máa ń pọ́n bí irun kìnnìún láti oṣù karùn-ún títí òjò yóò fi dé ló yí Corral Seco ká, ní Kalifóníà, níbi tí ọgbà àjàrà ti parí tí àwọn abẹ̀bẹ̀ ńlá amúnáwá ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò ṣòroó sọ, ṣíṣe rẹ̀ ló ṣòro: wọ́n fẹ́ dá iná oòrùn nílẹ̀ ayé. Wọ́n á mú kóró kan tí èèpo rẹ̀ jẹ́ dáyámọ́ńdì, tí inú rẹ̀ ṣófo. Wọ́n á rọ háídírójìn sínú rẹ̀, wọ́n á sì mú kó tutù títí yóò fi di yìnyín. Wọ́n á gbé e sínú agolo wúrà tí kò ju orí ìka lọ, wọ́n á wá da nǹkan bí igba ìtànṣán lésà bò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Kóró á fún pọ̀ wọnú ara rẹ̀, háídírójìn á gbóná ju àárín oòrùn lọ, á sì gbiná. Bó bá fún pọ̀ dọ́gba níbi gbogbo, ayọ̀ ni. Bí ibì kan bá fi ìdá ọgọ́rùn-ún irun orí yọ ju ibòmíràn lọ, ó dọdún tó ń bọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ti gbiná rí. Lọ́jọ́ náà, iná tó jáde nínú kóró ju ìmọ́lẹ̀ lésà tó wọlé lọ, àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti fi ogójì ọdún dúró dè é sì sunkún bí ọmọdé. Stackpole kò sí níbẹ̀. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé e wá láti Washington pé kó wá ṣe olùdarí. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí i níbi àsè: “Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo tan oòrùn …” Ẹ máà bi í pé oòrùn wo. Àwọn tó bi í ti wà níbi tí wọ́n ti ń ka ìdérí ìgò báyìí.

Kó tó dé, orúkọ ni gbogbo èèyàn fi ń pe ara wọn ní Corral Seco. Bí ọ̀gá pátápátá ìgbà yẹn bá bá olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà lórí àga, olùṣọ́ á ní, “Ellen, ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́?” ọ̀gá á sì fèsì. Stackpole fòpin sí ìyẹn. Ó ní kí wọ́n máa pe òun ní Ọlọ́lá. Ó tún pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ “ó kùnà” sínú ìwé mọ́. “Àṣeyọrí tó ń sinmi” ni kí wọ́n máa kọ. Láàárín ọdún kan, àṣeyọrí tó ń sinmi kún inú àpótí ìwé wọn dé ẹnu.

Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó máa ń sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Preston Ludlow, agbẹnusọ ilé ìwádìí, ló máa ń jókòó síwájú. Ẹ béèrè iṣẹ́ tí Ludlow ń ṣe. Pípàtẹ́wọ́ ni. Ó mọ ibi tí ọ̀gá máa mí sí, ọwọ́ rẹ̀ á sì ti wà lókè kí ọ̀gá tó pa ẹnu dé. Owó oṣù rẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni tó ń fọwọ́ kan lésà lọ.

Wàyí o, ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni Rosalba Inzunza, ọ̀gá yàrá ìṣekóró. Àwọn òbí rẹ̀ ń ká tòmátì lóko olóko, òun sì ń fi ọwọ́ tí ì bá máa ká tòmátì gbé ohun tí èémí lásán lè fẹ́ lọ. Àwọn mọ́kànlá ló wà ní yàrá náà, òun pẹ̀lú. Wọ́n ní àṣà kan: kóró tó bá la àyẹ̀wò já, orúkọ ìyá àgbà ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n ń fún un, torí pé kò sẹ́ni tó máa já ìyá àgbà ẹ̀ lulẹ̀. Lọ́dún yẹn, irinwó kóró ni wọ́n ṣe. Wọ́n yí wọn lábẹ́ maikirosikóòpù lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹyin, wọ́n ń ka ihò tí ojú lásán kò lè rí. Oṣù márùn-ún gbáko. Ẹyọ kan ló jáde láìlábàwọ́n, Rosalba sì sọ ọ́ ní Consuelo, orúkọ ìyá ìyá rẹ̀.

Òun nìkan ni ìrètí wọn. Lẹ́tà ti wá láti Washington: bí kóró oṣù kẹsàn-án kò bá gbiná, wọn yóò ti yàrá ìṣekóró pa, gbogbo àwọn mọ́kànlá yóò sì lọ sílé. Ẹ sì mọ̀ pé nílẹ̀ ọlọ́rọ̀ yẹn, ọjọ́ tí wọ́n bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ ni wọ́n ń gba ìwé adójútòfò tó ń sanwó ìwòsàn lọ́wọ́ ẹ. Àìsàn kò sì níí béèrè bóyá o ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ọjọ́ kan ní oṣù keje, Stackpole wọ yàrá náà, Ludlow tẹ̀ lé e. Wọ́n fi aṣọ funfun bò wọ́n látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n Stackpole fa ìbòmú rẹ̀ wá sí àgbọ̀n kí ojú rẹ̀ lè hàn.

“Èwo ni Consuelo?” ó bi Rosalba.

“Èyí tẹ́ ẹ mí sí lórí yẹn ni, Ọlọ́lá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa ìbòmú yín sókè.”

Ó fojú sí maikirosikóòpù. “Ó dán.”

“Ó dán bí ọjọ́ iwájú,” ni Ludlow wí.

“Ṣùgbọ́n nǹkan kan kù lára ẹ̀. Ibo ni orúkọ mi wà?”

Rosalba rẹ́rìn-ín. Ó wo Ludlow, Ludlow kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọ̀gá. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

“Oníṣẹ́ ọnà wo ni kì í fi orúkọ sára iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀?” Stackpole béèrè. (Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́: iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀.) “Kọ ọ́ báyìí: Dókítà Wendell Horatio Stackpole Kẹta, Olùdarí Àgbà, Ẹni Tó Tan Oòrùn.”

Ludlow ṣírò ó lórí ìka. “Ó máa yí kóró náà po lẹ́ẹ̀mejì, Ọlọ́lá. Bí ìgbànú. Ó máa wuyì!”

“Sà, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé,” ni Rosalba wí. “Tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ méjèèjì fún bàlúù tómi kún inú ẹ̀, ibi tó bá légbò ló máa gbà bẹ́. Bó ṣe rí nìyí. Ohunkóhun tá a bá gbẹ́ sára kóró yìí, tó bá ń fún pọ̀, ó máa di ẹ̀gún. Ẹ̀gún yẹn á gún wọnú iná, iná á kú.”

“Ṣé orúkọ mi lo ní ó máa paná?”

“Orúkọ ẹnikẹ́ni ni, sà. Ti ìyá àgbà mi náà á pa á. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ ẹnu la fi ń pè é, a kì í kọ ọ́.”

Stackpole rìn lọ, ó rìn bọ̀. Níkẹyìn, ó gbé ọwọ́ lé àyà. “Ó dáa. Èmi kì í ṣe agbéraga. Lẹ́tà méjì péré: W àti S. Ìrẹ̀lẹ̀ mi tiẹ̀ máa ń dẹ́rù bà mí nígbà míì.”

Ludlow nu ojú rẹ̀ gbígbẹ.

“Bí mi ò bá wá kọ ọ́ ńkọ́, sà?”

“A jẹ́ pé ẹ ò ní dúró de oṣù kẹsàn-án nìyẹn. Ẹ̀yin mọ́kànlá, ọjọ́ Ajé ni ẹ máa kó ẹrù yín.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Rosalba lọ bá Duane Kettering nídìí ọkọ̀ tí wọ́n ti ń ta tákò, àkàrà àgbàdo tí wọ́n fi ń ká ẹran, lẹ́nu ọ̀nà. Duane ló ń tọ́jú kámẹ́rà ẹsiréè tó ń ya kóró ní àkókò tó bá ń fún pọ̀. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ti sin ọ̀gá méje, kò fẹ́ràn ju méjì lọ nínú wọn.

“Kọ ọ́,” ni Duane wí lẹ́yìn tó gbọ́ tán, tákò wà lẹ́nu rẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ ń ní kí n kọ ọ́? Ẹ̀yin?”

“Gbọ́ ná. Beto tó wà ní yàrá yín, ìgbà wo nìyàwó ẹ̀ máa bímọ?”

“Oṣù kẹjọ.”

“Tó ò bá kọ ọ́, ọjọ́ Ajé lẹ ń lọ. Tó o bá kọ ọ́, oṣù kẹsàn-án lẹ ń lọ. Ta ló máa sanwó ọsibítù?”

Rosalba gbé tákò tirẹ̀ sílẹ̀. “Ìyá àgbà mi lẹ ní kí n fọ̀bẹ gún yẹn.”

“Mo mọ̀,” ni Duane wí. “Gún un díẹ̀.”

Ó padà wọlé, ó fi ìtànṣán tó ń gbẹ́ dáyámọ́ńdì kọ W, ó kọ S. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kò ga ju ìbú irun orí méjì lọ, kò sì jìn ju bí ìtànṣán náà ṣe lè fọwọ́ bà á lọ. Lọ́jọ́ kejì, Stackpole ránṣẹ́ pé òun kò rí i dáadáa nínú fọ́tò tí òun fẹ́ gbé kọ́ ògiri, kí ó gbẹ́ ẹ jìn sí i. Rosalba gbẹ́ ẹ jìn sí i.

Ìyàwó Beto bí ọmọbìnrin ní oṣù kẹjọ.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Stackpole pe ayé. Sẹ́nétọ̀ Imogene Brandvold, alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ iṣẹ́ náà ní Washington, wá fúnra rẹ̀, ìyá arúgbó kúkúrú tó wọ bàtà tó lè fi rìn lóko. Kéèkì kan wà tí wọ́n ṣe bí kóró, ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta, lẹ́tà méjì wà lára rẹ̀, wọ́n fi ṣúgà kọ ọ́. Wọ́n pín awò dúdú fún ogójì àlejò kí iná oòrùn má baà fọ́ wọn lójú. Ẹ sì jẹ́ kó yé yín o: lẹ́yìn ògiri kọnkéré tó nípọn ju gíga èèyàn lọ ni kóró wà, iná rẹ̀ kò sì pẹ́ tó ìṣẹ́jú akàn. Ojú kọ̀ńpútà nìkan làwọn èèyàn lè wò. Ṣùgbọ́n àwọn tó wọ awò dúdú kò rí ojú kọ̀ńpútà náà mọ́.

Níwájú Stackpole ni wọ́n gbé tábìlì kan sí, bọ́tìnì pupa ńlá wà lórí rẹ̀. Bọ́tìnì náà kò so mọ́ nǹkan kan, àfi gílóòbù kékeré kan tó ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kọ̀ńpútà ló ń yìn lésà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń kà á sẹ́yìn, torí pé yìnyín inú kóró kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́, kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Stackpole bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. “Láti ìgbà tí ènìyàn ti kọ́kọ́ fi òkúta méjì ṣáná, títí di ìgbà tí wọ́n bí mi …”

Ludlow pàtẹ́wọ́.

“Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bi mí pé, Wendell, báwo lo ṣe ń ṣe é? Mo máa ń sọ fún wọn pé …”

Ludlow pàtẹ́wọ́.

“Láàárín ọdún mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi, kò ní sí ilé ìdáná kan ní Kalifóníà tí kì í ṣe iná mi ni wọ́n fi ń dín ẹyin! Mo rántí ìyá mi. Ó pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní, Wendell …”

Níbi “Wendell” yẹn ni lésà yìn. Kò sí ariwo. Nọ́ńbà kan jáde lójú kọ̀ńpútà, àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ wo ara wọn, wọ́n sì wo ilẹ̀. Stackpole kò mọ̀. Ó ń sọ ti ìyá rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó gbé ìka sókè, ó tẹ bọ́tìnì, gílóòbù tàn, Ludlow fò sókè, ogójì àlejò sì pàtẹ́wọ́ fún òkùnkùn tó wà lójú wọn.

Sẹ́nétọ̀ Brandvold ti bọ́ awò tirẹ̀ tipẹ́. Ó fọwọ́ kan ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́. “Nọ́ńbà yẹn, ṣé ó dáa?”

“Ó kéré, mà. Nínú àádọ́ta tí lésà gbé wọlé, kò ju ẹyọ kan tó jáde lọ.”

“Àṣeyọrí tó ń sinmi ni!” Stackpole pariwo.

“Ó ń sinmi àbí ó ti kú?” Sẹ́nétọ̀ béèrè. “Ó dàárọ̀ ọ̀la. Kí gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn wá sí yàrá ìpàdé.”

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, wọ́n pé. Àpò ìwé mọ́kànlá wà níwájú Stackpole, ìwé ìdádúró ni, orúkọ Rosalba ló wà lókè pátápátá. Ọkùnrin náà ti sùn dáadáa. Irú wọn máa ń sùn dáadáa. Àwọn tí wọ́n fẹ́ dá lẹ́bi ni kì í rí oorun sùn.

“Eruku ni,” ó wí. “Àìmọ́tótó ní yàrá ìṣekóró. Eruku bà lé kóró mi, eruku sì paná. Ó dùn mí gan-an ni, ṣùgbọ́n olórí ò gbọdọ̀ sunkún. Mo ti fọwọ́ sí ìwé wọn.”

Ludlow gbé ọwọ́ sókè, ó rí ojú Sẹ́nétọ̀, ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

Rosalba dìde. “Kò sí eruku, mà.”

“Ta ló ní kó sọ̀rọ̀?” ni Stackpole wí.

“Èmi kọ́,” ni Duane wí láti ẹ̀yìn, “ṣùgbọ́n mo ní fọ́tò.”

Ó gbé fọ́tò ẹsiréè sójú ògiri. Kóró náà hàn bó ṣe rí lójú ẹ̀mí tó gbẹ́yìn, ó ti fún pọ̀ tán, ó mọ́lẹ̀ roboto bí òṣùpá. Ṣùgbọ́n ẹ̀gún dúdú gún un wọ inú. Àwọn ẹ̀gún náà kò tò ní jágbajàgba. Wọ́n tò dáadáa, wọ́n wú ju bí wọ́n ti kọ wọ́n lọ, tó fi jẹ́ pé ẹni tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn lè kà wọ́n: W. S.

Sẹ́nétọ̀ wọ awò ìkàwé rẹ̀. Ó sún mọ́ ògiri. “Dókítà Stackpole, ẹ ní eruku ni?”

“Eruku ni, mà.”

“Ilé ìwé wo ni eruku yìí lọ? Torí ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀ gún régé ju ti ọmọ-ọmọ mi lọ.”

Òógùn yọ lórí Stackpole. “Ẹ yí fọ́tò yẹn! Ó dojú dé ni! Kì í ṣe W, M ni! M.S. ni! Ludlow, ta ló ń jẹ́ M.S. níbí?”

Ludlow yẹ ìwé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ wò kíákíá. “Ẹnì kan wà, Ọlọ́lá. Modesto Sandoval. Ó ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀.”

“Òun náà ni!”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ dúró wò ó níbẹ̀ yẹn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lójú ògiri ń wá ẹni tó máa gbà á bí ẹrù. Kò wo òkè. Ọ̀dọ̀ agbálẹ̀ ló kọ́kọ́ fojú lọ. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é níbi gbogbo láyé.

Sẹ́nétọ̀ jókòó. “Ẹ jẹ́ ó yé mi. Agbálẹ̀ yìí wọ yàrá tí afẹ́fẹ́ ò gbọdọ̀ fẹ́ sí, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìtànṣán gbẹ́ dáyámọ́ńdì, ó sì kọ orúkọ ẹ̀ síbi tí kò tó ìbú irun méjì, ọwọ́ ẹ̀ ò gbọ̀n?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà!”

“Kí ló wá ń ṣe nídìí ìgbálẹ̀? Òun ló yẹ kó wà lórí àga yín.”

Beto ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ràn. Ó rìn yíká tábìlì títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Ludlow, Ludlow náà sì rẹ́rìn-ín, torí ẹni tó ti mọ́ ọn lára láti máa tẹ̀ lé èrò, kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Stackpole yíjú sí i.

“Preston! Ìwọ náà?”

“Ẹ máà bínú, sà,” ni Ludlow wí, kò sì pè é ní Ọlọ́lá mọ́. “Mo sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn pé kò dáa.”

“O ní ó máa wuyì bí ìgbànú!”

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó mọ ohun tó sọ. Ẹnu rẹ̀ ṣì là, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn láti ọdún kan ààbọ̀.

Wọn kò lé e o. Wọn kì í lé irú wọn. Ìwé tó jáde sọ pé ó fẹ́ ráyè gbọ́ ti ìdílé rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá ìpàdé, ó dúró díẹ̀, ó ń retí àtẹ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́wọ́ sókè. Ó jáde.

Sẹ́nétọ̀ kọjú sí Rosalba. “Ìwọ. Ọ̀gá yín sọ pé ọdún mẹ́ta ni. Ọdún mélòó ló kù lóòótọ́ kí iná yìí tó dé ilé ìdáná mi?”

“Mi ò mọ̀, mà.”

“O ò mọ̀?”

“Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tó dáa jù fún wa, nínú ọgọ́rùn-ún iná mànàmáná tí lésà wa fà lẹ́nu wáyà kó tó di ìmọ́lẹ̀, ẹyọ kan àti díẹ̀ ló padà wá. A gbọ́dọ̀ ní lésà tí ọ̀fun ẹ̀ ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tá a ní yìí, tó bá ti yìn lẹ́ẹ̀kan, ó dẹ̀yìn ọ̀pọ̀ wákàtí. Tó bá máa dín ẹyin fún yín, ó gbọ́dọ̀ máa yìn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ẹ tó ṣẹ́jú. Kóró tó ń lọ sí mílíọ̀nù kan ni yóò máa jẹ lójoojúmọ́. Oṣù márùn-ún ni mo fi ṣe ẹyọ kan, mà, wọ́n sì ní kí n kọ̀wé sí i lára.”

“Kí ló wá dé tí mi ò fi ní ti gbogbo ibí pa?”

“Torí ó ti gbiná lẹ́ẹ̀kan, mà. Ohun tó bá ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe àlá mọ́. Iṣẹ́ ló kù.”

Sẹ́nétọ̀ na ọwọ́, ó kó àpò ìwé mọ́kànlá náà jọ lórí tábìlì, ó ká wọn sí méjì, ó sì kì wọ́n bọ inú báàgì rẹ̀ bí ẹni kó èèpo ọsàn. “Kí lo fẹ́?”

“Oṣù márùn-ún, mà. Àti ilẹ̀kùn tó ń tì.”

Nígbà tí Rosalba dé yàrá ìṣekóró, àwọn mẹ́wàá tó kù ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Beto ń ṣe bí Stackpole, ó gbé ọwọ́ lé àyà. Rosalba jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà, ó ti ilẹ̀kùn.

“Ẹ fọ ọwọ́ yín,” ó wí. “A ti pẹ́ lónìí.”